Láti Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun dé ẹ̀yìn Amúlókò: ọjọ́ mẹ́fà ní Ìbàdàn

Ọjọ́ kìíní: Ìṣẹ́gun, 26 oṣù Ògún 2025

Aago méje àárọ̀ ti kọjá díẹ̀ kí ọkọ̀ wa tó gbéra ní Àkúrẹ́. ₦7,000 ni wọ́n gbà lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀yìn awakọ̀ ni mo jókòó sí, mo gbé báàgì mi lé itan.

Jọ́gíráfì ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní Àkúrẹ́, ilé-ìwé sì ti gba ọlidé. Tí mo bá dé orí ẹ̀kọ́ bí ìlú ṣe ń gbilẹ̀, ìwé wa a máa ya òbírí mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ọ̀kan nínú èkejì, àwọn ọmọ a sì dà á kọ. Èmi nìkan ni mo máa ń mọ̀ pé ilé wa ni mo ń wò nínú àwòrán yẹn. Bàbáńlá mi kọ́lé sí Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun, lábẹ́ òkè Màpó. Bàbá àgbà jáde níbẹ̀, ó kọ́ tirẹ̀ sí Òkè Bọ́lá. Bàbá mi jáde ní Òkè Bọ́lá, ó kọ́ sí Fẹ́lẹ́lẹ̀. Àbúrò mi ọkùnrin ṣẹ̀ṣẹ̀ kó lọ sí ẹ̀yìn Amúlókò, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀nà-Àrà. Ilé mẹ́rin, ìran mẹ́rin, ọ̀kọ̀ọ̀kan jìnnà sí Màpó ju èyí tó ṣáájú rẹ̀ lọ. Mo fẹ́ rìn wọ́n láti orí àkọ́kọ́ dé orí ìkẹyìn kí ọlidé tó tán.

A gba Iléṣà dé Ifẹ̀. Láti Ifẹ̀ síwájú ni kòtò ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi wá ṣeré. Ní Ìkirè, àwọn obìnrin sáré bo ọkọ̀ wa pẹ̀lú dòdò. Ẹni tí kò bá tíì jẹ dòdò Ìkirè rí, kó má fi ti ilé wé e: ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ ni, wọ́n fi ata sí i, wọ́n dín in títí ó fi dúdú, wọ́n wá mọ ọ́n ṣóńṣó. Mo ra ti ₦1,000. Ìdajì rẹ̀ ni Màmi rí nígbà tí mo délé.

Ní Aṣejìrẹ́, awakọ̀ dúró kí ẹni tó bá fẹ́ ra ẹja díndín ráàyè rà. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo lọ wo odò Ọ̀ṣun láti orí afárá. Ibí yìí ni wọ́n ti dènà odò náà ní nǹkan bí 1970 sí 1972, kí Ìbàdàn lè rí omi ẹ̀rọ mu. Omi pọ̀, ó tẹ́ rẹrẹ, ó ń dán. Ìyá ẹlẹ́ja tó rí mi tí mo tẹjú mọ́ ọn bi mí pé kí ni mo ń wò. Mo ní omi Ìbàdàn ni. Ó ní, "Ṣé ó ń débẹ̀?" Kò fi ṣe yẹ̀yẹ́ rárá, ó fẹ́ mọ̀ ni. Mo ní n óò wò ó dáadáa tí mo bá débẹ̀.

Láti Ẹgbẹ́dá wọ Ìwó Róòdù, wákàtí kan àti ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ibùdókọ̀ tuntun ńlá wà ní Adégbàyí, òmíràn wà ní Ìwó Róòdù fúnra rẹ̀, wọ́n sì rẹwà lójú. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí ọkọ̀ yóò gbà débẹ̀ kò fẹ̀ sí i. Tí ẹ bá ń bọ̀ láti apá Ifẹ̀, ẹ ṣètò kí ẹ dé kí aago mẹ́ta ọ̀sán tó lù. Lẹ́yìn ìyẹn, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ni títí ilẹ̀ yóò fi ṣú.

Màmi ti gbé ewédú kaná nígbà tí mo dé Fẹ́lẹ́lẹ̀. Kí n tó jókòó ni wọ́n ti sọ pé òní ló pé ọdún mẹ́rìnlá tí omi tún gbé èèyàn lọ ní Ìbàdàn. Màmi kì í gbàgbé ọjọ́ omi.

Ọjọ́ kejì: Ọjọ́rú, 27 oṣù Ògún

Míkírà, takisí kékeré inú Ìbàdàn, láti Challenge dé Mọ́lété, òmíràn láti Mọ́lété dé Bẹẹrẹ, àpapọ̀ wọn ₦700. Ẹ mú owó wẹ́wẹ́ lọ́wọ́ o. Ṣéńjì máa ń dá ìjà sílẹ̀ nínú Míkírà ju bí ẹ ṣe rò lọ. Ẹ má sì wọ bàtà gogoro, òkè àti ìsàlẹ̀ ni gbogbo àdúgbò yẹn.

Mo kọ́kọ́ gun òkè Màpó. Gbọ̀ngàn tí wọ́n ṣí ní 1929 ṣì dúró pẹ̀lú òpó ràgàjì rẹ̀. Ẹni tó bá dúró níbẹ̀ yóò rí òrùlé páànù tó dípẹtà láti ẹsẹ̀ òkè lọ dé ibi tí ojú kò ká mọ́, òrùlé ń fẹ̀gbẹ́ kan òrùlé. Mo wá ọ̀nà láàrin wọn títí, n kò rí ju mẹ́ta lọ tí ọkọ̀ lè gbà.

Agboolé wa ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun, ẹsẹ̀ nìkan ló débẹ̀. Ọ̀nà àárín ilé tóóró débi pé ẹni tó ń bọ̀ gbọ́dọ̀ fẹ̀yìn ti ògiri kí ẹni tó ń lọ tó kọjá. Mo kúnlẹ̀ kí Mọ́gàjí wa, olórí agboolé, ẹni tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Wọ́n ní, "Ọmọ Àkúrẹ́, ṣé àlàáfíà ni?" Èmi tí a bí sí ìlú yìí ti di ọmọ Àkúrẹ́ lẹ́nu wọn, ó sì dùn mọ́ mi bí wọ́n ṣe sọ ọ́, torí wọ́n fà mí jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn lójú ẹsẹ̀.

Gbogbo ìlú ló ń sọ̀rọ̀ Olúbàdàn lásìkò náà. Ọba Owólabí Ọlákùlẹ́hìn wàjà ní 7 oṣù Agẹmọ, ìlú sì ń dúró nígbà náà de ẹni tí yóò jẹ tẹ̀lé e. Mọ́gàjí wa ṣàlàyé fún ọmọkùnrin ayálégbé kan tó bi wọ́n pé ìdílé ọba wo ni oyè kàn. Wọ́n ní kò sí ìdílé ọba ní Ìbàdàn. Láti ipò mọ́gàjí ni èèyàn ti ń gun àkàsọ̀, ìlà Ọ̀tún àti ìlà Balógun, títí yóò fi dókè. "Ibùdó ogun ni," ni wọ́n wí. "Ní 1829, lẹ́yìn tí ogun Òwu ti parí, ará Ifẹ̀ wà níbẹ̀, ará Ìjẹ̀bú wà níbẹ̀, ará Ọ̀yọ́ wà níbẹ̀, ará Ẹ̀gbá wà níbẹ̀. Ta ni onílé nínú wọn? Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń kì í pé Ìbàdàn kì í gbe onílé bí àjèjì."

Èmi ti ń gbọ́ oríkì yẹn látìgbà èwe, n kò fi í ka iye èèyàn rí. Mo yọ ìwé mi síta, mo ka ohun tí mo kọ sínú rẹ̀ fún wọn. Ní 1911, 175,000 ni wọ́n kà ní Ìbàdàn. Ní 1952, 459,196. Ní 1963, 627,379. Ọgọ́ta ọdún kò tíì pé tí ìlú fi di ìlọ́po mẹ́ta ààbọ̀. Mọ́gàjí wa gbọ́ ọ tán, wọ́n ní, "Gbogbo wọn ló kọ́kọ́ gba ibí yìí wọlé."

Yàrá mẹ́rìnlélógún ló wà ní agboolé wa. Mẹ́sàn-án péré ni ọmọ ilé ń gbé. Ayálégbé ló kún àwọn tó kù, àwọn mìíràn mẹ́fà nínú yàrá kan. Kànga kan ni gbogbo wọn ń fà. Ilé ìgbẹ́ jẹ́ méjì. Ìyàwó ilé kan sọ fún mi pé nígbà tí òun rọbí lóru lọ́dún tó kọjá, ẹ̀yìn ni àwọn ọkùnrin gbé òun sí dé títì kí wọ́n tó rí ọ̀kadà. Ó ń sọ ọ́ bí ẹni pé ohun tó yẹ kó rí bẹ́ẹ̀ ni. Ó dùn mí gan-an. Ilé tí bàbáńlá mi fi ògo kọ́, aboyún kò lè fi ọkọ̀ jáde níbẹ̀, bí iná bá sọ láàrin rẹ̀, ọkọ̀ panápaná yóò dúró ní títì ni.

Mo jẹ àmàlà ní Bẹẹrẹ kí n tó padà: òkèlè mẹ́ta, àbùlà, ẹran méjì àti pọ̀nmọ́ kan, ₦2,200. Gbẹ̀gìrì rẹ̀ kúnná. Mo gbóríyìn fún ìyá tó sè é, ó sì bu díẹ̀ kún un lọ́fẹ̀ẹ́.

Ọjọ́ kẹta: Ọjọ́bọ̀, 28 oṣù Ògún

Òkè Bọ́lá. Owó kòkó ló kọ́ ilé yìí. Bàbá àgbà ń ra kòkó lọ́wọ́ àgbẹ̀ ní apá Àkàǹràn, ó ń tà á fún àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá ní Dùgbẹ̀, níbi tí rélùwéè ti débẹ̀ láti 1901. Nígbà tí kòkó gbówó lórí ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950, ó kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ó lẹ símẹ́ńtì mọ́ ọn, ó ya òdòdó sí etí fèrèsé. Láti iwájú ilé náà, téèyàn bá gbójú sókè, yóò rí Ilé Kòkó ní Dùgbẹ̀, àjà 26, èyí tí wọ́n parí ní 1965. Kòkó kan náà ló kọ́ méjèèjì.

Nígbà náà, Ìbàdàn ni olú-ìlú gbogbo Ìwọ̀-Oòrùn. Yunifásítì ti wà láti 1948, ilé ìwòsàn ńlá UCH ṣí ní 1957, tẹlifíṣọ̀n bẹ̀rẹ̀ ní 1959, àsìkò yẹn náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ilé Bódìjà. Ìbàdàn ṣì ń ṣe olú-ìlú títí di òní, ti Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Àwọn tó tẹ́ páìpù nígbà yẹn ka orí èèyàn, wọ́n sì tẹ́ ẹ fún iye orí tí wọ́n kà.

Páìpù kan wà ní àgbàlá wa. Bàbá mi máa ń sọ pé òun ti fi orí sábẹ́ rẹ̀ wẹ̀ kí òun tó lọ sí ilé-ìwé. Ẹlẹ́yẹlé ni omi rẹ̀ ti ń wá, ìdídò tí wọ́n ṣe ní 1942. Mo lọ bá a níbi tó wà. Okùn ni àwọn ayálégbé so mọ́ ọn báyìí, wọ́n sá aṣọ sí i, ìyá ìkókó kan sì so aṣọ ìlédìí mọ́ ẹnu ẹ̀rọ gan-an. Mo yí i. Kò tilẹ̀ mí. Ìyá àgbàlagbà kan tó ń ṣa ẹ̀wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀ ní, "Ìyá oníyàwó, ẹ fi í sílẹ̀, òpó aṣọ wa ni." Ó ti gbé níbẹ̀ fún ọdún mọ́kànlá, kò mọ̀ pé omi ti ibẹ̀ jáde rí.

Mo jókòó ti ìyá náà, mo bá a ṣa ẹ̀wà díẹ̀. Kẹ́ẹ̀gì omi kan, ₦100 lọ́wọ́ ẹni tó ní bọ́ọ̀hòòlù ní ìkóríta. Mẹ́jọ ló ń rà lójúmọ́ nítorí oúnjẹ tó ń tà. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: ₦24,000 lóṣù, kí ẹnì kan tó gbé ìkòkò kaná. Bàbá àgbà mi kò san ìdajì irú owó bẹ́ẹ̀ rí fún omi ní ayé rẹ̀, ilé kan náà sì ni.

Mo rìn lọ sí Dùgbẹ̀, mo wo ojú irin àtijọ́, mo bọ́ sínú Míkírà. Òòrùn mú.

Ọjọ́ kẹrin: Ẹtì, 29 oṣù Ògún

Òjò láti òru. A kò jáde.

Aládùúgbò wa kan wá kí Màmi lẹ́yìn ìrun Jímọ̀. Èkó ló ti ń ṣiṣẹ́, Ìbàdàn ló ń sùn ní òpin ọ̀sẹ̀. Mo bi í pé ṣé rélùwéè tuntun kò rọ̀ ọ́ lọ́rùn, èyí tí wọ́n ṣí ní oṣù Òkúdù 2021, kìlómítà 157. Ó ní ó tù ú lára gan-an ní ti jíjókòó, ṣùgbọ́n Mọ́níyà ni ibùdó rẹ̀ wà, ní ìparí ìlú lápá àríwá, àwa sì wà ní gúúsù. Kí òun tó gba inú Ìbàdàn já láti Mọ́níyà, ẹni tó wọ bọ́ọ̀sì lójú márosẹ̀ ti jẹun tán nílé. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ bá ojú irin wá, ẹ kọ́kọ́ wo apá ibi tí ẹ ń lọ. Ó dára fún ẹni tó ń lọ sí Ọ̀jọ́ọ̀, Yunifásítì tàbí Bódìjà.

Ọjọ́ karùn-ún: Àbámẹ́ta, 30 oṣù Ògún

Àbúrò mi ní kí n dúró kí òun wá fi ọkọ̀ gbé mi. Mo kọ̀, mo ní n óò gba ọ̀nà tí gbogbo èèyàn ń gbà. Láti Challenge mo wọ Míkírà lọ sí Amúlókò. Títì dára dé ibẹ̀. Ìgbà tí a yà wọ inú àdúgbò ni ilẹ̀ pupa bẹ̀rẹ̀, òjò àná sì ti lo ọ̀nà náà ní ìlò àlòkù. Ọ̀gbàrá ti la àárín rẹ̀ débi pé awakọ̀ ń fi táyà kan rìn ní etí ọ̀tún, ìkejì ní etí òsì, kòtò wà lábẹ́ wa. Níbi ìgẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan, ọkọ̀ yọ̀, ó rì. Gbogbo wa sọ̀ kalẹ̀. Bí mo ṣe ní kí n gbé ẹsẹ̀ kejì, ẹrẹ̀ fa bàtà mi, okùn rẹ̀ já.

Ẹ wá wo bí àwọn ará ibẹ̀ ṣe ń ṣe é. Kò sí ẹni tó pariwo. Ọmọkùnrin mẹ́ta jáde láti ibi tí wọ́n ti ń gé bùlọ́ọ̀kù, wọ́n gbé pákó wá, wọ́n ki í sábẹ́ táyà, wọ́n ti ọkọ̀, ó jáde, wọ́n gbé pákó wọn padà. Pákó yẹn, ibẹ̀ ló máa ń wà nítorí ọkọ̀. Ìyá alákàrà kan rí mi tí mo fi ẹsẹ̀ kan dúró bí lékeléke. Ó bọ́ sílípáàsì ẹsẹ̀ tirẹ̀ fún mi, ó da omi sí mi lẹ́sẹ̀. Mo ní kí ni n óò san. Ó ní kí n lọ, kí n bá òun dá a padà tí mo bá ń bọ̀. Kò mọ̀ mí rí. Ìrọ̀lẹ́ ni mo dá a padà, mo ra àkàrà ₦2,000, ó tún fi mẹ́ta sí i.

Ilé àbúrò mi rẹwà. Yàrá mẹ́ta, òrùlé aláràbarà, bùlọ́ọ̀kù tí wọn kò tíì rẹ́. Ọdún mẹ́fà ló fi kọ́ ọ, oṣù dé oṣù, láti inú owó oṣù. Ó mú mi yíká àdúgbò, ó sì ń tọ́ka sí ohun gbogbo pẹ̀lú iye owó rẹ̀. Taransifọ́mà yẹn, ilé 62 ló dá ₦150,000 kọ̀ọ̀kan rà á. Òpó wọ̀nyí, àwọn ni. Afárá onípákó lórí odò kékeré yẹn, àwọn ni. Kátápílà tó la ọ̀nà yìí lẹ́ẹ̀mejì, ẹgbẹ́ onílé ló háyà rẹ̀. Ọdẹ tó ń ṣọ́ wa lóru, àwa ni. Mo bi í pé kí ni ìjọba ṣe níbí. Ó ronú, ó ní, "Àǹtí mi, wọ́n máa ń wá gba owó ilẹ̀."

Ohun tí mo ní í sọ nípa ìrìn-àjò yìí, ibẹ̀ ni mo ti rí i gbá mú. Ní àwọn ìlú tó wà nínú ìwé tí mo fi ń kọ́ ọmọ, ọ̀nà ló ń ṣáájú, páìpù a tẹ̀ lé e, ilé a wá kẹ́yìn. Ní Ìbàdàn, ilé ló ń ṣáájú. Ọ̀nà ń wá ilé kiri. Omi ń wá ọ̀nà. Kí wọ́n tó rí ara wọn, ọmọ onílé ti dàgbà, ó ti ń wá ilẹ̀ tirẹ̀ síwájú sí i.

Ẹ jẹ́ kí n fi iye orí gbè é lẹ́sẹ̀. Ìjọba ìbílẹ̀ 11 ló wà ní Ìbàdàn: márùn-ún nínú ìlú, mẹ́fà ní ẹ̀yìn ìlú. Nígbà ìkànìyàn 1991, àwọn márùn-ún inú ìlú lé díẹ̀ ní mílíọ̀nù 1.2. Ní 2006, 1,338,659 ni wọ́n. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kọjá, inú ìlú kò fi bẹ́ẹ̀ lékún. Ṣùgbọ́n àpapọ̀ Ìbàdàn lọ́dún 2006 kan náà lé ní mílíọ̀nù méjì ààbọ̀. Níbo ni ìyókù wà? Ẹ̀yìn ìlú ni: Akínyẹlé, Ẹgbẹ́dá, Ìdó, Lágelú, Olúyọ̀lé, àti Ọ̀nà-Àrà tí mo dúró sí nínú ẹrẹ̀ yìí. Láti ìgbà náà, wọn kò tún ka orílẹ̀-èdè yìí mọ́. Ti 2023 tí wọ́n múra sílẹ̀ fún, wọ́n sún un síwájú. Ọmọ tí wọ́n bí gẹ́rẹ́ lẹ́yìn ìkànìyàn tó kẹ́yìn ti tó dìbò, kò sí nínú iye kankan. Àdúgbò àbúrò mi kò sí nínú iye kankan. Ta ni yóò tẹ́ páìpù fún ẹni tí a kò kà?

Kànga rẹ̀ wà lẹ́yìn ilé. Mo wo omi rẹ̀, ó mọ́ lójú. Mo bi í pé sọ́kàwéè, kòtò ilé ìgbẹ́, ńkọ́, ó tọ́ka sí etí fẹ́ńsì. Àyà mi là gààrà. Mo ní kó mú okùn wá, a wọ̀n ọ́n: mítà 11. Àwa tí à ń kọ́ ọmọ, 30 ni à ń sọ fún wọn pé kó wà láàrin kànga àti ilé ìgbẹ́. Ó ní, "Àǹtí mi, ààbọ̀ pílọ́ọ̀tì ni mo rà." Òótọ́ ló sọ. Odindi pílọ́ọ̀tì, ẹsẹ̀ bàtà 50 sí 100, ẹ̀gbẹ́ tó gùn jù nínú rẹ̀ kò ju nǹkan bí mítà 30 lọ. Ààbọ̀ rẹ̀ kò sì tó mítà 16 níhà kọ̀ọ̀kan. Kò sí bí ó ṣe lè gbé kànga àti sọ́kàwéè sínú rẹ̀ tí wọn kò ní máa gbọ́ ohùn ara wọn. Ti aládùúgbò rẹ̀ sì tún wà lẹ́yìn fẹ́ńsì. Ilé 62, kànga 62, sọ́kàwéè 62. Ẹ̀bi ta ni? Kì í ṣe ti ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ.

Mo bẹ̀ ẹ́ kí wọ́n máa se omi náà kí àwọn ọmọ tó mu ún. Ìyàwó rẹ̀ ṣèlérí fún mi. Ẹ̀yin náà tí ẹ bá ń kọ́lé lọ́wọ́ ní irú àdúgbò bẹ́ẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé kànga sí apá òkè ilẹ̀ yín, sọ́kàwéè sí ìsàlẹ̀, kí ẹ sì bi aládùúgbò yín ibi tí tirẹ̀ wà kí ẹ tó gbẹ́ ohunkóhun. Tí owó bá wà, kí ilé mẹ́wàá para pọ̀ gbẹ́ bọ́ọ̀hòòlù kan sí ibi tó jìnnà sí gbogbo wọn.

Ọjọ́ kẹfà: Àìkú, 31 oṣù Ògún

Lẹ́yìn ìsìn, Màmi ní kí á lọ sí Ògùnpa. Ọdọọdún ni wọ́n máa ń lọ. Òní ló pé ọdún márùndínláàádọ́ta, Àìkú sì ni ọjọ́ yẹn náà, 31 oṣù Ògún 1980.

A dúró lórí afárá. Kọnkéré ni wọ́n fi ṣe etí odò náà báyìí, omi tó ń gba ìsàlẹ̀ rẹ̀ kò bo kókósẹ̀, ọ̀rá píọ́ wọ́tà ń léfòó lórí rẹ̀. Èèyàn tó lé ní igba ni omi yìí gbé lọ. Màmi ní ìsọ̀ aṣọ nítòsí ibẹ̀ nígbà náà, àdìrẹ àti àǹkárá. Òkè Bọ́lá là ń gbé, mo jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà. Ohun tí mo rántí kò ju ìró òjò lórí páànù lọ, àti pé Bàbá mi jáde lọ tí wọn kò tètè padà.

Màmi sọ èyí tó kù. "Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, a wá ìsọ̀, a kò rí ibi tí ìsọ̀ wà. Kì í ṣe pé omi kó ọjà. Ilẹ̀ tí ìsọ̀ dúró lé ni kò sí mọ́. Ìyá kan tí à ń pín gààrí jẹ, àti ọmọ rẹ̀ méjì." Wọ́n dákẹ́. "Ilé ti kún etí odò. Ìdọ̀tí ti kún inú rẹ̀. Odò kò ṣe ju pé ó ń wá ọ̀nà rẹ̀ lọ."

Lẹ́yìn ìyẹn ni Bàbá mi sọ pé àwọn kò ní sùn létí Ògùnpa mọ́. Ọ̀nà márosẹ̀ Èkó ti ṣí láti 1978, ilẹ̀ ṣì wà ní Fẹ́lẹ́lẹ̀, wọ́n rà á, wọ́n kọ́ ọ. Èmi rò tẹ́lẹ̀ pé nítorí àyè ni a ṣe kó lọ. Omi ló lé wa síta. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n lẹ́yìn rẹ̀, ní 26 oṣù Ògún 2011, omi tún kún, èèyàn tó lé ní ọgọ́rùn-ún tún kú, afárá já káàkiri. Ẹ̀yìn ìyẹn ni ìpínlẹ̀ yá 200 mílíọ̀nù dọ́là lọ́wọ́ Báńkì Àgbáyé láti tún odò àti afárá ṣe. Mo rí iṣẹ́ rẹ̀ ní ibi púpọ̀ lọ́sẹ̀ yìí, ó sì wúlò. Ṣùgbọ́n gbogbo òrùlé tuntun tí mo rí ní Ọ̀nà-Àrà lánàá, gbogbo àgbàlá tí wọ́n ti tẹ́ símẹ́ńtì sí, ibi tí koríko ti ń mu òjò tẹ́lẹ̀ ni. Òjò tí ilẹ̀ kò mu mọ́ yóò sáré. Odò kékeré tó wà lábẹ́ afárá onípákó àwọn àbúrò mi, mo wò ó dáadáa. Ilé ti wà létí rẹ̀ méjèèjì.

Tí ẹ bá wà ní Ìbàdàn lóṣù Òkúdù títí dé Ọ̀wàrà, tí òjò sì bẹ̀rẹ̀, ẹ má ṣe bá omi tó ń ṣàn lórí títì du ọ̀nà, ì báà jẹ́ orúnkún ló dé. Ẹ dúró sí ibi gíga. Àlejò ni Ìbàdàn ń gbè, omi rẹ̀ kò mọ àlejò.

Àbúrò mi wá jẹun alẹ́ pẹ̀lú wa, kó lè dágbére fún mi. Iyán ni, ẹ̀fọ́ rírò, ẹja Aṣejìrẹ́ tí mo rà. Nígbà tí a fọwọ́ tán ló yọ ìwé sọ́fè kan jáde. Ó ti san díẹ̀ lórí pílọ́ọ̀tì méjì fún àwọn ọmọkùnrin rẹ̀, lápá Bádẹ́kù, níbi tí òpópónà tó ń yí Ìbàdàn ká, kìlómítà 110 tí wọ́n ń là, yóò gbà kọjá. Ó ní ẹ̀gẹ́ ṣì wà lórí rẹ̀. Ó ní kó tó di pé àwọn ọmọ náà dàgbà, ọ̀nà yóò ti dé.

Màmi gba ìwé náà, wọ́n gbé gíláàsì wọn wọ̀, wọ́n wò ó títí.

"Odò wà nítòsí ibẹ̀?"

"Kò sí, Màmi. Mo wò ó."

"Ó dáa. Omi mímu ńkọ́?"

"A ó gbẹ́ ẹ, Màmi."